Irin Tó Wà Lábẹ́ Rọ́bà

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ní Ìyànà-Ìjù, kí ọkọ̀ àwọn tó ń lọ jọ́sìn ní Canaanland àti ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Covenant tó gba títì, àwọn tírélà ló ni ọ̀nà Ìdíròkò. Wọ́n á to ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, imú ọ̀kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ìdí èkejì. Àwọn kan kọjú sí Ojú-Ọrẹ àti Sàngó, wọ́n ń lọ sí Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti òkè ọ̀hún. Àwọn kan kọjú sí Àtàn àti Lùsàdá, wọ́n fẹ́ yà sí Àgbárá tàbí kí wọ́n forí lé ẹnubodè. Ẹni tó bá ń kọjá á wo bí orí ọkọ̀ ṣe ga tó, á ka táyà, á ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọkọ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Kì í sábà wo okùn. Kì í wo ìkọ́ tí okùn gbà kọjá, kì í wo píìnì tó há bóòtì mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní bi ara rẹ̀ pé kí ni àjákù tíúbù dúdú tí wọ́n wé mọ́ irin kọ̀ọ̀kan lábẹ́ bọ́dì ń ṣe níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn nǹkan kéékèèké yìí ló ń mú ẹrù délé. Ẹ́ńjìnnì kàn ń fà á ni.

Ọgbà ilé iṣẹ́ oúnjẹ adìẹ kan ni mo ti wo tírélà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Oúnjẹ adìẹ kì í ṣe àlejò ní àyíká Ọ̀tà wa yìí, ìlú tí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá oko rẹ̀ sí lẹ́yìn tó gbé ìjọba ológun sílẹ̀ ní 1979. Bọ́dì tírélà náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 40, irin àti pákó ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ rẹ̀. Àpò kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 25. Àpò 1,200 ni wọ́n kó sórí rẹ̀, ìyẹn tọ́ọ̀nù 30 gédégbé. Ọ̀rá ni wọ́n fi hun àwọn àpò náà, wọ́n sì ń yọ̀ lórí ara wọn. Kí okùn tó dé, bí wọ́n ṣe tò wọ́n nìkan ló dì wọ́n mú: àpò òkè gun ibi tí àpò méjì ìsàlẹ̀ ti fẹnu kora, ìlà tó tẹ̀ lé e sì dábùú èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń kó ẹrù mọ̀ pé tí ojú ìlà kan bá lọ tààrà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ibẹ̀ ni ẹrù máa là sí nígbà tí ọkọ̀ bá yí kọ́nà. Mo rí wọn tí wọ́n tú ìlà mẹ́rin palẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n tún un tò, wọ́n ń kùn, àmọ́ wọ́n tún un tò.

Tàpólì ló kàn. Méjì ni, wọ́n ti ká wọn jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Àwọ̀ wọn ti ṣá, kò ṣe é pè ní ewé mọ́, kò sì tíì di eérú, àbùlẹ̀ sì kún ara wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo débi pé ọkùnrin mẹ́ta ló gbé e gòkè: méjì wà lórí ẹrù tí wọ́n ń fi okùn fà á, ẹnì kan wà nísàlẹ̀ tó ń fi èjìká tì í. Èyí tó máa bo ẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́. Mo bi ọmọ ọkọ̀ pé kí ló dé tí wọn ò bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Ó dá mi lóhùn látòkè pé, "Tiwájú ló gbọ́dọ̀ gun tẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n. Iwájú ni atẹ́gùn ti ń bọ̀. Tí tẹ̀yìn bá lọ gun tiwájú, ẹnu rẹ̀ á là, atẹ́gùn á kó sínú ẹ̀, á sì ṣí gbogbo ẹ̀ kúrò lórí ẹrù ká tó dé Ìfọ̀." Bí wọ́n ṣe ṣẹ́ etí rẹ̀ ní igun iwájú méjèèjì náà nìyẹn: ẹnu ìṣẹ́ po náà kọjú sẹ́yìn, kò sí ibi tí òjò tàbí afẹ́fẹ́ máa bá wọlé.

Lójú omi ni tàpólì ti wá, kó tó di pé ó bọ́ sórí tírélà. Aṣọ kánfáàsì tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ni àwọn atukọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi bo ẹnu ihò ẹrù ọkọ̀ wọn kí omi òkun má baà wọ ọ́. Kánfáàsì ṣì wà, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nísinsìnyí ni aṣọ ọ̀rá. Ihò tí wọ́n fi òrùka irin ṣe ojú fún ló yí etí rẹ̀ ká. Ẹ wo òrùka yẹn dáadáa tí ẹ bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí tàpólì. Nígbà tó wà ní tuntun, òrùka náà mú aṣọ le dan-in. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìrìn àjò, aṣọ á fà sẹ́yìn kúrò lára rẹ̀, òrùka á máa mì, títí ọjọ́ tí okùn á fa òrùka jáde tí aṣọ á sì ya dé ibi tó bá wù ú. Lára tàpólì ẹ̀yìn tí mo wò, ìdámẹ́ta àwọn òrùka ló ti re àjò. Wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú etí aṣọ, wọ́n fi okùn so ọrùn rẹ̀, ó di kókó tí okùn lè dì mú. Ó ṣiṣẹ́ ju òrùka lọ, bí ẹ bá bi mí.

Okùn tí wọ́n fi dì í jẹ́ okùn ọ̀rá aláwọ̀ búlúù, ó nípọn tó àtàǹpàkò, fọ́nrán mẹ́ta ni wọ́n lọ́ pọ̀. Oòrùn ni ọ̀tá okùn bẹ́ẹ̀ ju òjò lọ. Òjò á rin ín, á sì gbẹ, ṣùgbọ́n oòrùn ń jẹ ẹ́ láti ìta wọnú. Ọmọ ọkọ̀ á mú okùn, á tẹ̀ ẹ́ po láàárín ìka méjì, á sì fi ọwọ́ nù ún. Bí ìyẹ̀fun búlúù bá kù sí i lọ́wọ́, bí irun wẹ́wẹ́ bá ń hù lára rẹ̀, okùn náà ti ń lọ nìyẹn. Wọn kì í jù ú nù, àwọn èèyàn wa kì í ju nǹkan nù, àmọ́ wọ́n á mú un kúrò nínú okùn ẹrù, wọ́n á fi so agboomi àti garawa.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fún okùn ló gba àkókò mi jù lọ. Wọ́n so orí rẹ̀ mọ́ ìkọ́ lápá òsì bọ́dì, wọ́n jù ú kọjá lórí ẹrù, ẹni tó wà lápá ọ̀tún sì gbà á. Ní ibi tó bá àyà rẹ̀ dọ́gba, ó lọ́ okùn náà lẹ́ẹ̀kan, ó fa díẹ̀ nínú ti ìsàlẹ̀ gba inú ibi tó lọ́ náà, ó di ojú kan tó dúró fúnra rẹ̀. Ó mú ìdí okùn lọ sísàlẹ̀, ó fi kọ́ ìkọ́ tó wà lábẹ́ bọ́dì, ó mú un padà sókè, ó kì í bọ ojú tó ti dá sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á wálẹ̀. Bó ṣe ń fà á, ojú yẹn ń fa okùn òkè bọ̀, agbára ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti ẹni méjì. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé táyà, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, ó fún un bí ìyá ṣe ń fún ọ̀já ọmọ tó ń yọ̀ wálẹ̀: ó fà, ó gbọn ara, ó tún fà. Nígbà tí kò sún mọ́, ó fi àtàǹpàkò tẹ okùn mọ́ ojú náà kó má baà padà, ó wá fi ìdí rẹ̀ ta kókó méjì sábẹ́. Tí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ń lọ, fífà kan péré ni wọ́n máa fi tú ojú náà. Ìdì tó le tó bẹ́ẹ̀, tó sì rọrùn tú tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọpọlọ ni, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọmọkùnrin yẹn ní iléèwé.

Okùn 11 ló dábùú ẹrù. Nígbà tí wọ́n parí, ọmọkùnrin náà ń lọ láti ọ̀kan dé èkejì, ó ń fi ìka ta á. Èyí tó le ń dún. Èyí tó dún wúyẹ́, ó padà tún un fún.

Rọ́bà wá dà? Etí bọ́dì lábẹ́, láti iwájú dé ẹ̀yìn, ni àwọn wẹ́dà jó àwọn ìkọ́ náà mọ́. Ìkọ́ tuntun mú létí. Èyí tó ti pẹ́, ìpẹtà ti jẹ ojú rẹ̀ di gbágungbàgun. Okùn tó bá fara kan irin bẹ́ẹ̀, tí ọ̀nà sì ń mì í láti Ìjù dé Ìbàdàn, á máa gé ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, láìdún, láìfọ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń gé tíúbù táyà tó ti bàjẹ́ ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, kó fẹ̀ tó ìka méjì, tí wọ́n á sì wé e mọ́ ìkọ́. Wíwé ọ̀hún ní ìlànà. Ọmọ ọkọ̀ á fi eyín di orí rọ́bà mú, á fà á títí á fi tín-ín-rín, á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ìkọ́ lọ sókè, wíwé kejì á gun ìdajì ti àkọ́kọ́. Ìsàlẹ̀ lọ sókè ni, kí omi òjò lè máa ṣàn kọjá lórí ibi tí rọ́bà ti gun ara wọn dípò kó wọnú rẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni wọ́n fi tẹ́ tàpólì, àyàfi pé níbí, òkè ni ohun tí wọ́n ń sá fún ti ń bọ̀. Tó bá ku bí ìka mẹ́rin, á ki ìdí rọ́bà bọ abẹ́ wíwé ìkẹyìn, á fà á, ó parí. Kò sí kókó, kò sí wáyà.

Igun bọ́dì náà kò gbẹ́yìn. Ibi tí okùn bá ti tẹ̀ kọjá létí irin, wọ́n á ki awẹ́ táyà gbígé sábẹ́ rẹ̀. Àwọn àpò tó wà ní igun òkè náà ní páálí lábẹ́ okùn, kí okùn má baà rì wọ àpò, kó gé e, kí oúnjẹ adìẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà sójú títì fún ẹyẹ.

Ṣùgbọ́n ibi tí rọ́bà ti ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni lára sìpéà táyà, nítorí pé kò sí ẹni tó ń wo ibẹ̀. Táyà náà wà nínú àgò irin lábẹ́ bọ́dì, ṣéènì ló gbé e dúró. Irin kan tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U ló so orí ṣéènì pọ̀ mọ́ bọ́dì, bóòtì kan sì gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Bóòtì kò ní sùúrù fún gbígbọ̀n. Bí ọ̀nà bá ń gbọ̀n ọ́n, nọ́ọ̀tì á máa yí jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á sì bọ́ lóru ọjọ́ tí kò sí ẹni tó gbọ́. Wọ́n ti dá ihò lu ìdí bóòtì náà, wọ́n ki píìnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì bọ̀ ọ́, wọ́n sì ya ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nọ́ọ̀tì lè fẹ́ jáde títí, kò lè kọjá píìnì. Ẹsẹ̀ méjèèjì yìí mú bí ẹnu abẹ́rẹ́. Ọmọ ọkọ̀ ń rá wọ abẹ́ ibẹ̀ nínú òkùnkùn, apá rẹ̀ méjèèjì sì ní àpá láti fi jẹ́rìí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wé rọ́bà bo píìnì náà, tí ó fi rí roboto, dúdú, tí ọwọ́ lè fi kọjá lórí rẹ̀ láìfarapa.

Awakọ̀ tírélà yìí ti kọjá àádọ́ta ọdún. Kò bá wọn fa okùn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí ló jáde wá, ó mú òòlù kékeré kan lọ́wọ́ àti iná tọ́ọ̀ṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọkọ̀ ká. Ó fi òòlù kan táyà kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi sìpéà táyà, ó tan iná sí i.

"Tú eléyìí."

"Ọ̀gá, ọjọ́ Ẹtì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wé e."

"Mo ní kó o tú u. Wíwé tó o wé ni mo rí, mi ò rí irin."

Ọmọ náà tú u. Omi aláwọ̀ ìpẹtà kán sílẹ̀. Ẹsẹ̀ píìnì kan ṣì nípọn bó ṣe yẹ. Èkejì ti jẹ, ó ti di tín-ín-rín níbi tó ti tẹ̀. Bàbá náà fi àtàǹpàkò tì í, ó sì dá. Kò sọ̀rọ̀. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ àga ọkọ̀, ó mú agolo mílíìkì kan jáde, ó yan píìnì tuntun nínú rẹ̀, ó fi gírísì pa á, ó ki í bọ ihò, ó fi òòlù ya ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi, kì í ṣe fún ọmọ ọkọ̀, pé: "Rọ́bà ń bo irin lójú òjò, ó sì ń bò ó lójú tèmi náà."

Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ìbora tí kò ní ibi tí omi ń gbà jáde kì í ṣe ìbora, ó ti di ìkòkò. Nígbà tí wọ́n tún un wé, bàbá náà ní kí wọ́n fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò bí ìka kan, kí omi tó bá wọlé lè rí ọ̀nà lọ.

Àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi onígbòkun mọ wàhálà yìí dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayé tiwọn àti ti tírélà Ìjù jìn síra. Lagos Yacht Club, ẹgbẹ́ irú àwọn atukọ̀ bẹ́ẹ̀, ti wà létí ọ̀sà Èkó láti 1932. Nínú irú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń sá eré lórí omi, òpó tó gbé ìgbòkun kì í sábà dá dúró. Wáyà ló so ó mọ́ etí ọkọ̀ lọ́tùn-ún, lósì àti níwájú, irin tí wọ́n ń pè ní turnbuckle ló sì ń fún wáyà náà le. Ìlà skúrúù apá kan rẹ̀ yí sí ọ̀tún, ti apá kejì yí sí òsì, tí èèyàn bá ti yí àárín rẹ̀, apá méjèèjì á jọ wọlé. Ohun tó lè yí wọlé lè yí jáde, píìnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni wọ́n sì fi ń há a mọ́, bíi ti sìpéà táyà. Ẹsẹ̀ píìnì á máa ya ìgbòkun, á máa gé ọwọ́, wọ́n á wá fi téèpù wé e. Irin tó ń dán tí wọ́n ní kì í dípẹtà ni wọ́n ń lò lórí omi, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló ń ràn án lọ́wọ́ tí kì í fi dípẹtà. Bí omi iyọ̀ bá há sábẹ́ téèpù tí afẹ́fẹ́ kò dé, ìpẹtà á wọ inú rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí, títí òpó á fi wó lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá le. Atukọ̀ tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí téèpù pẹ́ lára irin. Á já a, á wo irin, á wé tuntun. Ní Gánvié, lórí adágún Nokoué ní ilẹ̀ Benin, àwọn tó ń fi ìgbòkun rìn kò ní ìyọnu yìí: àpò tí wọ́n rán pọ̀ ni ìgbòkun wọn, igi ni òpó, okùn ni ìdè. Ohun tó bá fẹ́ já níbẹ̀, gbangba ló ti ń já.

Ìbora mìíràn wà lára tírélà tí kì í ṣe rọ́bà, tí kì í sì í ṣe tàpólì. Gírísì ni. Orí ọkọ̀ àti bọ́dì kì í ṣe ọ̀kan. Ọ̀pá irin kan tó nípọn ní íǹṣì méjì péré, tó yọ jáde lábẹ́ iwájú bọ́dì, ló so wọ́n pọ̀. Ó ń wọ inú àwo irin ńlá tó wà lẹ́yìn orí ọkọ̀, eyín kan á sì dì í mú. Tọ́ọ̀nù 30 àti bọ́dì fúnra rẹ̀, íǹṣì méjì yìí ló ń fà wọ́n. Gírísì dúdú bo gbogbo ibẹ̀ débi pé a kò lè rí bóyá eyín náà ti dì í mú tàbí kò tíì dì í. Awakọ̀ náà kò gbẹ́kẹ̀ lé ojú. Ó fi ìka wá ọwọ́ irin tó ń ti eyín náà pa, ó rí i pé ó ti wọlé tán, ó rí i pé píìnì rẹ̀ wà níbẹ̀, ó wá gun ọkọ̀, ó fi jíà sí i, ó fà á síwájú díẹ̀ nígbà tí wọn ò tíì tú búréèkì bọ́dì. Ọkọ̀ kọ̀, kò lọ. Ohun tó fẹ́ gan-an nìyẹn.

Ẹrù ló ń sọ irú ìdè tó fẹ́. Ọ̀pá irin ìkọ́lé tó ń jáde láti àwọn ilé iṣẹ́ irin ní agbègbè Ọ̀tà kò fẹ́ tàpólì rárá, okùn ọ̀rá kò sì tó o. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 12. Tí ó bá jẹ́ èyí tó nípọn ní mìlímítà 12, nǹkan bíi 94 ló wà nínú tọ́ọ̀nù kan. Ṣéènì ni wọ́n fi ń dì í. Wọ́n á ki ọ̀pá irin bọ inú ṣéènì, wọ́n á lọ́ ọ títí ṣéènì á fi máa ké, wọ́n á sì so ọ̀pá náà mọ́lẹ̀ kó má baà tú ara rẹ̀. Aṣọ pupa ni wọ́n ń so mọ́ ìdí rẹ̀ tó yọ kọjá bọ́dì. Lóru, aṣọ pupa kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Kọ̀ǹténà ló jọ pé ó rọrùn jù, òun náà ló sì burú jù tí wọ́n bá fi ọwọ́ dẹngbẹrẹ mú un. Kò sí okùn, kò sí tàpólì. Ihò mẹ́rin ló wà ní igun ìsàlẹ̀ rẹ̀, orí irin mẹ́rin ló sì wà lórí bọ́dì tó máa wọnú ihò náà. Tí wọ́n bá yí irin náà ní ìdá mẹ́rin òbìrí, kò lè jáde mọ́. Keith Tantlinger, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà kan, ló ṣe irin yìí fún Malcom McLean, ẹni tó kó kọ̀ǹténà 58 sínú ọkọ̀ Ideal X láti Newark lọ sí Houston ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin 1956. Yíyí ọwọ́ kan ni, ìṣẹ́jú kan kò gbà á. Tí wọn kò bá yí i, ìwọ̀n kọ̀ǹténà nìkan ló jókòó lórí ọkọ̀, tí ọkọ̀ bá sì ya kọ́nà pẹ̀lú eré, ìwọ̀n yẹn náà ló máa gbé e ṣubú. Ní oṣù kẹsàn-án 2015, kọ̀ǹténà já bọ́ látorí afárá Ojúẹlẹ́gba, ó pa ènìyàn mẹ́ta. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní 2023, òmíràn tún já bọ́ níbẹ̀ sórí bọ́ọ̀sì èrò, ènìyàn mẹ́sàn-án ló kú. Láti ìgbà náà, tí mo bá wà lẹ́yìn kọ̀ǹténà lórí afárá Sàngó, igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ojú mi ń lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo máa ń rí ìmọ́lẹ̀ láàárín kọ̀ǹténà àti bọ́dì níbi tí kò yẹ kí n ti rí i.

Àwọn ará Yúróòpù ti fi ìṣirò sí ọ̀rọ̀ ìdè ẹrù. Ìlànà wọn ni pé ohun tó di ẹrù mú gbọ́dọ̀ lè dá ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀ dúró kó má lọ síwájú nígbà tí búréèkì bá gbá, àti ìdajì ìwọ̀n náà ní ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn. Fún oúnjẹ adìẹ Ìjù yìí, tọ́ọ̀nù 24 ló fẹ́ wá bá awakọ̀ lẹ́yìn orí rẹ̀ nìyẹn. Okùn 11 kò ní gbogbo agbára yẹn fúnra wọn. Iṣẹ́ wọn ni láti tẹ ẹrù mọ́ bọ́dì kí ó má lè yọ̀, ògiri irin tó ga níwájú bọ́dì á sì gba ìyókù. Nítorí náà ni okùn tó dẹ̀ kò fi yàtọ̀ sí pé kò sí okùn. Ẹrù sì máa ń jókòó lójú ọ̀nà: kòtò Ìyànà-Ìyẹ̀sí nìkan tó láti gbọn afẹ́fẹ́ jáde nínú àpò 1,200, kí gbogbo òkè rẹ̀ rẹlẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, kí okùn tó ń dún tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún wúyẹ́. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ á dúró lẹ́yìn Sàngó, kó tó dé Ìfọ̀, á ní kí ọmọ ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti tún gbogbo rẹ̀ fún. Àwọn tó ni ẹrù kì í fẹ́ràn ìdúró yìí. Wọ́n á máa pè é lórí fóònù, wọ́n á ní kí ló dé tó ṣì wà ní Sàngó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ẹrù, ẹ fi wákàtí kan kún àsìkò tẹ́ ẹ fún awakọ̀ yín, kí ó lè tú rọ́bà kó sì tún okùn fún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń wakọ̀ tẹ̀ lé tírélà lójú ọ̀nà Ìdíròkò, tẹ́ ẹ bá rí okùn tó ń wọ́ nílẹ̀, tàbí etí tàpólì tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, tàbí kọ̀ǹténà tí igun rẹ̀ ń gbé sókè, ẹ má kàn yà á sílẹ̀ kẹ́ ẹ bá tiyín lọ. Ẹ fun fèrè, ẹ nawọ́ sí ibi tó wà. Gíláàsì tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn kò lè fi ẹ̀yìn ẹrù hàn án.